Ẹ̀yìn Ríro Tí Kì Í Ṣe Ti Iṣẹ́ Oko: Ọ̀rọ̀ Lórí Kókó Inú Ọ̀pá Ẹ̀yìn àti Egungun Ìdí

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ìlú wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì bá wa sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níjokòó ló ní kí a tẹ̀ ẹ́ jáde, kí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé.

  

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera, kí n má sì jẹ́ kó pẹ́ jù. Mo lè sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, mo lè sọ ti àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ ìyẹn láìmọye ìgbà. Ti ọ̀pá ẹ̀yìn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, torí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀pá ẹ̀yìn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún yìí wá. N kì í ṣe dókítà, èmi kọ́ ni mo ń di abẹ mú. Èmi ni mo ń yí aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ kejì lóru, èmi sì ni ẹbí máa ń bá ní kọ́ridọ̀ láti béèrè pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé yóò tún rìn?"

Ẹ wo gúrúùpù WhatsApp wa. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, irú ìkéde yìí máa ń wọlé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá o, bàbá wa ò lè dìde mọ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni." A ó dá owó, a ó gbàdúrà, ọlọ́run á sì gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ẹbí náà léèrè dáadáa, ẹ ó gbọ́ pé ẹ̀yìn ti ń dun bàbá fún oṣù márùn-ún, pé ẹsẹ̀ ti ń wọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé ìtọ̀ sì ti há fún ọjọ́ mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìkéde. Owó tí a dá dára, àmọ́ ẹ̀yìn ìgbà tí ọkọ̀ ti gbéra ló dé gáréèjì. Ohun tí mo wá ṣe lónìí ni pé kí a jọ mọ ìgbà tí ọkọ̀ ń gbéra.

Bí ọ̀pá ẹ̀yìn ṣe rí

Ọ̀pá ẹ̀yìn kì í ṣe igi kan ṣoṣo. Egungun kéékèèké ni wọ́n tò lé ara wọn, bí ìyá alátẹ ṣe ń to agolo mílíìkì. Méje wà ní ọrùn, 12 wà ní ẹ̀yìn àyà, márùn-ún wà ní ìbàdí. Lábẹ́ wọn ni egungun ìdí wà, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní sacrum. Egungun márùn-ún ló lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan níbẹ̀, ó fẹ̀ lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀. Òun ló so ẹ̀yìn wa pọ̀ mọ́ egungun ìbàdí lọ́tùn-ún àti lósì. Gbogbo ẹrù tí a bá rù sórí, òun ló ń gbà á kó tó dé ẹsẹ̀.

Ihò kan gba àárín àwọn egungun yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀, bíi páìpù. Inú páìpù yẹn ni okùn kan tó ti inú ọpọlọ wá gbà kọjá. Òun ló ń jíṣẹ́ fún apá àti ẹsẹ̀, òun ló sì ń mú ìròyìn padà pé ilẹ̀ gbóná tàbí pé ẹ̀gún gún wa. Níbi ìbàdí lókè ni okùn náà parí sí, tó wá pín sí iṣan wẹ́wẹ́ bí ìrù ẹṣin. Àwọn iṣan tó gba inú egungun ìdí kọjá ló ń jẹ́ kí a mọ̀ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n wá. Àwọn ló ń di ìdí mú kí ìgbẹ́ má yọ́ jáde, iṣẹ́ tọkọtaya náà sì wà lọ́wọ́ wọn.

Ṣé ẹ rí i, inú ikùn ní àyè, kókó lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kó tó ni èèyàn lára. Inú páìpù ọ̀pá ẹ̀yìn ò ní àyè. Egungun kì í fà bíi rọ́bà. Ohunkóhun tó bá hù níbẹ̀, okùn yẹn ni yóò fún mọ́lẹ̀.

Kókó tó jẹ́ àlejò àti kókó tó jẹ́ ọmọ onílé

Kókó tí a ń rí ní ọ̀pá ẹ̀yìn pín sí méjì. Àlejò wà, ọmọ onílé wà. Àlejò ló pọ̀ jù.

Àlejò ni jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn, tó wá bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé inú egungun. Lára ọkùnrin, ti prostate ló wọ́pọ̀, ìyẹn ẹran kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀. Lára obìnrin, ti ọmú ni. Ti ẹ̀dọ̀fóró, ti kíndìnrín àti ti ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1940, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Oscar Batson, ṣàlàyé ohun tó ń mú ti prostate yára dé ẹ̀yìn. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó yí prostate ká bá èyí tó yí ọ̀pá ẹ̀yìn ká pàdé, kò sì sí ìlẹ̀kùn láàrin wọn tó ń sọ pé ibí ni kí o yà sí. Ìdí nìyẹn tí bàbá kan fi lè máa sọ pé ẹ̀yìn ló ń dun òun, nígbà tó jẹ́ pé prostate ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Myeloma tún wà, jẹjẹrẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú mùdùnmúdùn egungun. Ó ń jẹ egungun láti inú, bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé tí ọ̀dà orí rẹ̀ ṣì ń dán. Èèyàn á kàn gbé garawa omi, egungun kan á sì rún. Ó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ.

Àwọn ọmọ onílé kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Hemangioma, ìyẹn òpó ẹ̀jẹ̀ tó dì jọ nínú egungun, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní in láìmọ̀, tó sì máa bá wọn dàgbà láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bí ẹ bá rí i nínú àbájáde scan yín, ẹ má tíì pín ogún. Schwannoma àti meningioma máa ń hù nínú páìpù, wọ́n á máa ti okùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá tètè rí i, iṣẹ́ abẹ lè yọ ọ́, èèyàn á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Méjì wà tó fẹ́ràn egungun ìdí. Àkọ́kọ́ ni chordoma. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, bí èèyàn kan nínú mílíọ̀nù kan lọ́dún. Láti ara ohun kan tó kù nínú wa láti ìgbà tí a ti wà ní oyún ló ti ń hù. Ó ń dàgbà jẹ́jẹ́, kì í pariwo. Ohun tí aláìsàn máa ń sọ ni pé òun ò lè jókòó pẹ́ mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nínú mọ́tò, pé ìgbẹ́ ń há òun. Wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, á máa mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ìkejì ni giant cell tumour, tó máa ń mú àwọn ọ̀dọ́ láti bí ọmọ 20 ọdún sí 40. Kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, àmọ́ ó ń jẹ egungun.

Báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀?

Kí ẹ tó lọ sílé lọ máa fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn yín, ẹ jẹ́ kí n fi yín lọ́kàn balẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ èèyàn tí ẹ̀yìn ń dùn, kókó kọ́ ni. Ẹni tó kọ ebè látàárọ̀, tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì, tó wakọ̀ láti Èkó dé Ìlọrin, ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dùn ún. Irú ìyẹn máa ń dẹ̀ bí èèyàn bá sinmi, ó sì máa ń lọ láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fura sí ni ẹ̀yìn ríro tí kò mọ ìsinmi. Ó ń dùn nígbà tí èèyàn dùbúlẹ̀, ó ń jí i lóru. Bí ó bá wúkọ́ tàbí bó bá sín, ó ń ta. Ó ń pọ̀ sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, oògùn ìrora ò kápá rẹ̀ mọ́. Ẹ fura pàápàá bí ẹni náà bá ti ní jẹjẹrẹ rí, ì báà jẹ́ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ẹ fura bó bá ń rù láìmọ ìdí, tàbí bó bá jẹ́ ọmọdé. Ọmọdé tí ẹ̀yìn ń dùn lóru kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀yìn ríro yìí, kó rí dókítà láàrin ọ̀sẹ̀ yẹn.

Àmì kejì kò ní "ọ̀sẹ̀ yẹn" nínú. Ọjọ́ náà gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ há a sórí:

Ẹsẹ̀ tó ń rọ, tó ń wọ́ nílẹ̀, tó ń já bàtà sílẹ̀ láìmọ̀.

Ara tó kú láti àyà tàbí ikùn sísàlẹ̀, tàbí níbi tí a fi ń jókòó, tó fi jẹ́ pé bí ó bá nu ìdí, kò mọ̀ ọ́n lára.

Ìtọ̀ tó há, tàbí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tó ń jáde fúnra rẹ̀.

Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá dara pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ríro, ọkọ̀ ń gbéra nìyẹn. Ẹ má dúró de ọjọ́ Ajé. Ẹ má dúró de ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀ láti Abuja. Ẹ̀yin tó wà ní London, 999 tàbí yàrá pàjáwìrì. Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, 911. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé ẹni tí wọ́n bá fura pé jẹjẹrẹ ń fún okùn ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń rọ, gbọ́dọ̀ ya MRI láàrin wákàtí 24. Wákàtí ni wọ́n ń kà, ẹ má ka ọ̀sẹ̀.

Ohun tí a kì í ṣe

Mo mọ̀ pé nílé wa, bí ẹ̀yìn bá ti dùn, ìwọ́ra ló kàn. Àdín gbígbóná, òrí, kí ẹnìkan gun ẹ̀yìn bàbá kó máa tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́ oko, ẹ wọ́ ọ, kò burú. Ṣùgbọ́n egungun tí kókó ti jẹ nínú dà bí páànù tí ìpẹtà ti mú. Bí ẹ bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, ó lè rún lójú ẹsẹ̀, kó sì já sórí okùn yẹn. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé ìwọ́ra lè jẹ́ pé wọ́n á gbé e jáde ni.

Ti àdúrà, n ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó bá ní ọ̀tá ló ta bàbá lọ́fà, n ò ní ká jókòó jiyàn. Ẹ gbàdúrà. Àmọ́ ẹ gbà á nínú mọ́tò tó ń lọ sí ọsibítù.

Àwọn tó ń ra abẹ́rẹ́ ní kẹ́míìsì, mo bẹ̀ yín. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ dexamethasone, tó máa ń jẹ́ kí wíwú yí okùn náà ká rọlẹ̀. A ń lò ó ní ọsibítù, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún èèyàn láìmọ ohun tó ń ṣe é, ara á fúyẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, gbogbo ilé á máa dúpẹ́, kókó á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ó tún lè ba àyẹ̀wò irú jẹjẹrẹ kan jẹ́, tí a kò fi ní mọ orúkọ rẹ̀.

Èyí tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun

Ikọ́ ife náà máa ń wọ inú egungun ẹ̀yìn. Lọ́dọ̀ wa níbí, ó wọ́pọ̀. Òun ló sábà máa ń sọ ọmọdé di abuké. Ó lè sọ ẹsẹ̀ di aláìlágbára, gẹ́gẹ́ bíi kókó, ẹni náà lè má wúkọ́ rárá. Inú mi máa ń dùn bí àbájáde bá ní ikọ́ ife ni, torí oògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń rìn padà bí wọ́n bá lò ó pé oṣù tí wọ́n ní kí wọ́n lò ó. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sá fún àyẹ̀wò torí ó rò pé ikú ni yóò gbọ́. Ó lè jẹ́ ìròyìn ayọ̀ ló ń sá fún.

Bí wọ́n ṣe ń wá a rí

Dókítà tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ má fi nǹkan pamọ́. Ẹ̀yin bàbá wa, bí ẹ bá ń jí tọ̀ nígbà márùn-ún lóru, ẹ sọ ọ́. Ẹ̀yin ìyá wa, bí kókó bá wà ní ọmú tí ẹ ò tíì fi han ẹnikẹ́ni, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ó lè ní òun fẹ́ fi ìka yẹ ìdí yín wò. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló máa ń kọ̀. Mo ti rí àwọn tó ní ohun àbùkù ni. Ẹ gbọ́ o, àyẹ̀wò ìṣẹ́jú kan yìí ń sọ ohun mẹ́ta: ó ń sọ bí prostate ṣe rí, ó ń sọ bóyá iṣan ìdí ṣì ń ṣiṣẹ́, ó sì lè kan kókó tó wà níwájú egungun ìdí, èyí tí ojú ò lè rí. Ìka dókítà ni owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo àyẹ̀wò tí mo máa dárúkọ lónìí.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀: PSA fún prostate, àyẹ̀wò protéènì inú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ fún myeloma, calcium, àti iṣẹ́ kíndìnrín. X-ray tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí X-ray díẹ̀, torí ó ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Kó tó hàn nínú X-ray pé nǹkan ń jẹ egungun ẹ̀yìn, ó lè ti jẹ ìdá mẹ́ta rẹ̀ tàbí ìdajì. Fún egungun ìdí, ìfun àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń bo ojú ibẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní "X-ray yín dáa" tí ẹ̀yìn ò sì dẹ̀ lóru, ẹ padà lọ. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá MRI yẹ. MRI ló ń fi okùn náà hàn, òun ló ń fi kókó hàn àti ibi tó dé. CT ń fi bí egungun ṣe lágbára tó hàn. Ẹ ní kí wọ́n ya gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn bí àyè bá wà, torí àlejò yìí kì í sábà dé síbì kan ṣoṣo.

Bí wọ́n bá rí kókó tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Àwọn èèyàn máa ń ní bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án ló ń tàn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún dáadáa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ kan wà nínú ìbẹ̀rù yẹn. Fún chordoma, ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ gbà wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ gé e kúrò pẹ̀lú kókó nígbà iṣẹ́ abẹ. Nítorí náà, dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ ló yẹ kó sọ ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà. Kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí wọ́n la egungun ìdí rẹ̀ ní kíníìkì àdúgbò "láti wo ohun tó wà níbẹ̀."

Ìtọ́jú

Ìtọ́jú dá lórí orúkọ kókó náà, ibi tó wà, àti bí ẹni náà ṣe ń rìn lọ́jọ́ tó dé. Ìkẹta yìí ló wà lọ́wọ́ wa.

Ní ọdún 2005, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Èèyàn 101 ni, tí jẹjẹrẹ ti fún okùn ẹ̀yìn wọn. Wọ́n fi ìtànṣán nìkan tọ́jú àwọn kan, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn yòókù kí wọ́n tó lo ìtànṣán. Nínú 100 tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ó dà bí kí 84 máa rìn lẹ́yìn rẹ̀. Nínú 100 tó gba ìtànṣán nìkan, 57. Nínú àwọn tí kò lè rìn mọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mẹ́wàá nínú 16 ló tún rìn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mẹ́ta nínú 16 ló rìn pẹ̀lú ìtànṣán nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kú pátápátá ju wákàtí 48 lọ, wọn ò tilẹ̀ gbà á sínú ìwádìí náà. Wọ́n mọ̀ pé ìrètí ìrìn ti kéré. Ẹ bá mi fi wé ọjọ́ mẹ́rin tí ìtọ̀ fi há kí ìkéde tó wọ gúrúùpù.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò abẹ. Myeloma àti lymphoma máa ń yọ́ bí ìtànṣán àti oògùn bá kàn án. Ti prostate, oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ kékeré tó ń dá agbára hòmónù ọkùnrin dúró lè jẹ́ kí bàbá tí kò lè jókòó tún jókòó jẹun. Charles Huggins tó ṣàwárí ọ̀nà yìí gba ẹ̀bùn Nobel ní 1966. Kì í lé jẹjẹrẹ tó ti dé egungun lọ pátápátá, àmọ́ ó lè fún èèyàn ní ọdún tó ní ìtumọ̀.

Ti egungun ìdí ló le jù. Chordoma kì í gbọ́ ti oògùn jẹjẹrẹ tí a mọ̀, ìtànṣán lásán kì í tó o. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé e jáde lódidi láìjẹ́ kó fọ́, pẹ̀lú egungun tó yí i ká. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí ni, dókítà egungun, ti ọpọlọ, ti ìfun àti ti awọ ara lè jọ wà níbẹ̀. Iṣan tó wà nínú egungun ìdí ni ìṣòro. Bí wọ́n bá lè dá iṣan kejì sí lápá méjèèjì, tí wọ́n sì dá ìkẹta sí lápá kan, ìrètí wà pé ẹni náà á lè máa dá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró. Bí kókó bá ti ga ju ibẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ pé rọ́bà ìtọ̀ àti àpò ìgbẹ́ ni wọ́n á fi gba ẹ̀mí là. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹni tí kò lè jókòó má fi ọdún méjì mu àgbo jẹ̀díjẹ̀díjẹ̀dí. Bí kókó bá ṣe wà nísàlẹ̀ tó, tó sì kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n máa gé ṣe kéré tó. Fún giant cell tumour, abẹ́rẹ́ denosumab wà, tó ń mú kó súnkì. Láti 2013 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà.

Ibo la máa gbé e lọ? A ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí nílẹ̀ yìí. Ọmọ Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ó kọ́ iṣẹ́ náà ní Michigan, ó padà wálé sí UCH Ìbàdàn ní 1962 láti dá ẹ̀ka náà sílẹ̀. Títí dòní, UCH, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ọsibítù egungun ní Igbóbì ni ibi tí a lè gbé irú aláìsàn báyìí lọ. Ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí ní LUTH ní 2019 ní ẹ̀rọ ìtànṣán. Ẹ pè síbẹ̀ kí ẹ tó gbéra, kí ẹ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ àti bóyá ibùsùn wà.

Bí wọ́n bá dá a padà sílé

Àwọn kan ò ní rìn mọ́. N ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rìn ò tíì kú. Ohun tó sábà máa ń pa irú wọn nílé ni egbò ìdùbúlẹ̀ àti àrùn ìtọ̀, àwa ará ilé sì lè dènà méjèèjì. Ẹ yí i padà ní wákàtí méjì-méjì. Ẹ wo ìdí, gìgísẹ̀ àti ìbàdí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí ibùsùn gbẹ. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kọ́ yín bí a ṣe ń tọ́jú rọ́bà ìtọ̀ kí ẹ tó kúrò ní ọsibítù. Ẹ má gbé ìgò omi gbígbóná sí ẹsẹ̀ tí kò mọ iná, yóò jóná láìmọ̀. Ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ ilé, ẹ jẹ́ kó ṣì máa parí ìjà àwọn ọmọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹgbẹ́ wa

Mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta.

Èkíní, owó tí a ń dá fún aláìsàn, kí a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ ṣáájú, tí yóò wà nílẹ̀ fún ọkọ̀ àti MRI nìkan. Kí ó má jẹ́ ìgbà tí ìkéde bá jáde ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ka orúkọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà, àmọ́ kí ọwọ́ ti wà ní àgbájọ kí ọ̀rọ̀ tó dé.

Èkejì, kí a yan èèyàn méjì nílé, ọkùnrin kan, obìnrin kan, tí ẹni tó bá rí àmì mẹ́ta yẹn lè pè ní òru. Iṣẹ́ wọn ò ju pé kí wọ́n wá ọkọ̀ tó ṣeé dùbúlẹ̀ sí, kí wọ́n sì pe ọsibítù. Kí wọ́n má gbé e sórí ọ̀kadà. Ẹni tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ lè rún, pákó pẹlẹbẹ tàbí bẹ́ẹ̀dì ló yẹ ẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọkùnrin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ọkùnrin dúdú kan nínú mẹ́rin ni yóò ní jẹjẹrẹ prostate láyé rẹ̀. Fún gbogbo ọkùnrin lápapọ̀, ọ̀kan nínú mẹ́jọ ni. Àwa náà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá ti lé ní 45, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí PSA. Kí ẹ jẹ́ ká fi kún ètò ọjọ́ ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun, nígbà tí ẹ bá pe ilé lọ́jọ́ Àìkú, ẹ má kàn béèrè pé "Ṣé ara le?" Wọ́n á ní ara le. Ẹ béèrè pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin ń sùn lóru? Ṣé ẹsẹ̀ ń gbé yín dáadáa? Ìtọ̀ ńkọ́?" Bí wọ́n bá fi ẹ̀rín gbé ọ̀kan kọjá, ẹ tún un béèrè.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ẹ̀yìn wa rí ibi. Kí ẹsẹ̀ wa máa gbé wa lọ, kó máa gbé wa bọ̀. Ìlú wa á máa tẹ̀ síwájú.